Táwà Olómi Tàbí Táwà Gbígbẹ: Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Cooling Tower Tó Bá Iṣẹ́ Yín Mu

Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tí kì í wá ibi tó máa da ooru sí. Bó jẹ́ tọ́báìnì ló ń yí, bó jẹ́ kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ló ń kùn, bó jẹ́ ike ni wọ́n ń yọ́, ooru tí kò wúlò mọ́ kò ní pòórá fúnra rẹ̀. Cooling tower ló ń kó o dà sínú afẹ́fẹ́, oríṣi méjì ló sì wà. Nínú táwà olómi, omi gbígbóná máa ń fara kan afẹ́fẹ́: wọ́n á tú u láti òkè, á máa ṣàn lórí àwọn ike pẹlẹbẹ tí wọ́n tò pọ̀, fáànù á máa fa afẹ́fẹ́ gba àárín wọn kọjá, díẹ̀ nínú omi náà á gbẹ lọ, ìyókù á sì tutù. Nínú táwà gbígbẹ, omi kì í fojú kan afẹ́fẹ́ rárá. Inú páìpù ló wà, wọ́n ti fi ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ yí páìpù náà ká, fáànù á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bí rédíétọ̀ mọ́tò ṣe ń ṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni èyí tó wọ́n jù. Mo rọ̀ yín, ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń pinnu ni bí omi ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó nígbà tó bá ń padà sídìí iṣẹ́, ní wákàtí tí ojú ọjọ́ le jù lọ lọ́dún. Tí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ti yanjú kí ẹni tó ń ta táwà tó lanu.

1. Ìgbóná wo ni iṣẹ́ yín lè fara dà?

Ẹ kọ ìgbóná tí omi fi ń kúrò nídìí ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ẹ kọ èyí tó gbọ́dọ̀ fi padà, kí ẹ sì kọ iye omi tó ń yí po. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo máa lò títí dé òpin: lítà 1,000,000 ní wákàtí kan, tó ń jáde ní 42°C, tó sì gbọ́dọ̀ padà ní 32°C. Kílógírámù omi kan ń gba nǹkan bíi kílójúùlù 4.19 kó tó lè fi 1°C gbóná sí i, nítorí náà ooru tí táwà yìí máa kó dànù jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 11.6.

Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ yẹ 32°C yẹn wò dáadáa. Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ìwé iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ, láyé ìgbà tó jẹ́ pé táwà olómi nìkan ni wọ́n ń rò. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yín, kí ẹ béèrè ohun méjì: ìgbóná tó ga jù tí ẹ̀rọ náà lè gbà láì bàjẹ́, àti ohun tí ẹ máa pàdánù lórí 1°C kọ̀ọ̀kan tí omi bá fi gbóná jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ chiller, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ omi di tútù nini, máa ń jẹ iná ní ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún sí i lórí 1°C kọ̀ọ̀kan. Omi tó ń tu ara ẹ́ńjìnnì gáàsì ní tirẹ̀ máa ń wà láàárín 80°C sí 90°C. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò nílò táwà olómi rárá, afẹ́fẹ́ lásán á tu ú.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lójú tèmi ni pé wọ́n á da gbogbo ohun tó ń gbóná nínú ilé-iṣẹ́ sórí ìlà omi kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kan tó nílò 30°C á wá fa gbogbo àwọn yòókù, tí 50°C tó fún, wọ inú táwà olómi pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ẹ kó èyí tó lè fara da ooru lọ sínú táwà gbígbẹ, kí ẹ fi táwà olómi kékeré kan sílẹ̀ fún èyí tí kò lè fara dà á. Páìpù máa pọ̀ sí i, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ máa bù lára owó omi lójoojúmọ́ ayé ilé-iṣẹ́ náà.

2. Ẹ ka ojú ọjọ́ bó ṣe yẹ

Iye méjì lẹ nílò. Àkọ́kọ́ ni ìgbóná afẹ́fẹ́ lásán, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Èkejì ni wet bulb. Ẹ wé òwú tútù mọ́ ìdí tẹmọ́mítà, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i dáadáa. Bí omi ara òwú náà ṣe ń gbẹ lọ ló ń gbé ooru lọ, iye tí tẹmọ́mítà ń kà á sì máa wálẹ̀ títí tó fi máa dúró sójú kan. Ibi tó dúró sí yẹn ni wet bulb. Táwà olómi kankan kò lè tu omi kọjá ibẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó. Bákan náà, táwà gbígbẹ kankan kò lè tu omi kọjá ìgbóná afẹ́fẹ́ lásán.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń pinnu bí iye méjèèjì ṣe jìnnà síra. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá gbóná tó 35°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, wet bulb máa wà ní nǹkan bíi 24°C, ìyàtọ̀ sì ju 10°C lọ. Níbi tó bá jẹ́ 32°C tí ọ̀rinrin jẹ́ ìdá 80, wet bulb á ti gòkè dé 29°C, ìyàtọ̀ ò ju 3°C lọ. Ẹ má gbàgbé iye méjèèjì yìí, a ṣì máa padà sórí wọn.

Ẹ má ṣe fi ìpíndọ́gba ìgbóná ọdún ṣe ìṣirò. Àwọn tó ń ta ọjà fẹ́ràn rẹ̀ torí ó ń jẹ́ kí táwà kékeré dà bíi pé ó tó. Àwọn àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ń rí sí ìtutù àti ìgbóná ilé, máa ń fi iye tí ojú ọjọ́ ń kọjá ní ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí ọdún hàn, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí 35 lọ́dún. Èyí dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wákàtí tí afẹ́fẹ́ gbóná jù àti wákàtí tí wet bulb ga jù kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà: ọ̀sán tó gbóná jù sábà máa ń gbẹ, wet bulb sì máa ń ga jù nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀. Nítorí náà, ẹ mú iye ti ìgbóná lásán fún táwà gbígbẹ, ẹ mú iye ti wet bulb fún olómi, ẹ má sì gbìyànjú láti fi ọ̀kan ṣe ìṣirò èkejì.

3. Ẹ fi méjèèjì wéra

Táwà olómi tó dáa lè tu omi dé 3°C sí 5°C sókè wet bulb. Táwà gbígbẹ tí owó rẹ̀ ṣì mọ níwọ̀n sábà máa ń dúró ní 10°C sí 15°C sókè ìgbóná afẹ́fẹ́. Lóòótọ́ lẹ lè ra èyí tó máa sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí àlàfo náà bá dín sí ìdajì, táwà náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ ká dán àpẹẹrẹ wa wò. Níbi tó gbẹ yẹn, olómi máa dá omi padà ní nǹkan bíi 28°C, gbígbẹ ní nǹkan bíi 47°C. Ohun tí a nílò jẹ́ 32°C, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 35°C. Kò sí iye owó tó lè mú kí táwà gbígbẹ nìkan ṣe iṣẹ́ yìí. Níbi tí ọ̀rinrin pọ̀, olómi máa dé 33°C, tí wọ́n bá sì ṣe é tóbi sí i kó lè sún mọ́ wet bulb dé 3°C, á bọ́ sí 32°C géérégé. Gbígbẹ á wà ní 44°C. Ẹ rí i pé olómi fi 19°C ta gbígbẹ yọ níbi tó gbẹ, ó sì fi 11°C péré ta á yọ níbi tí ọ̀rinrin pọ̀. Ohun tó ń dun èèyàn níbẹ̀ ni pé ibi tí táwà olómi ti wúlò jù yìí gan-an ni omi ti sábà máa ń wọ́n jù.

Báyìí ni mo ṣe máa ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá lè fara da ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ga jù pẹ̀lú 15°C lórí rẹ̀, ẹ lọ ra táwà gbígbẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Bí ohun tí ẹ nílò bá tutù ju afẹ́fẹ́ ọ̀sán lọ, ẹ gbé táwà gbígbẹ nìkan kúrò lórí tábìlì. Ẹni tó bá wà láàárín méjèèjì ni àwọn ìgbésẹ̀ tó kàn wà fún.

4. Ẹ ka omi, ẹ kà á pé

Omi ń gba ọ̀nà mẹ́ta jáde nínú táwà olómi. Èyí tó ń gbẹ lọ ni olórí. Ìṣirò tó yá jù ni kí ẹ fi 0.00153 ṣe ìlọ́po iye omi tó ń yí po, kí ẹ tún fi iye dígírì tó fi ń tutù ṣe ìlọ́po rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, 0.00153 × 1,000,000 × 10 já sí lítà 15,300 ní wákàtí kan.

Ìkejì ni omi ìdànù. Nígbà tí omi bá gbẹ lọ, iyọ̀ àti ẹfun inú rẹ̀ kì í tẹ̀ lé e, wọ́n á máa pọ̀ sí i nínú èyí tó kù títí wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ páìpù. Ẹ gbọ́dọ̀ máa da díẹ̀ nù, kí ẹ máa fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá gbà kí iyọ̀ inú táwà pọ̀ dé ìlọ́po 4 ti omi tuntun, omi ìdànù jẹ́ omi tó gbẹ lọ tí ẹ pín sí 3 (4 dín 1), ìyẹn lítà 5,100 ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ ìlọ́po 2 péré ni omi yín lè gbà, omi ìdànù á di lítà 15,300, iye kan náà pẹ̀lú èyí tó gbẹ lọ. Ìkẹta ni ẹ̀kán omi tí afẹ́fẹ́ ń gbé jáde. Bí ohun tó ń mú ẹ̀kán náà padà bá dáa, kì í ju ìdá 0.005 nínú ọgọ́rùn-ún omi tó ń yí po lọ, lítà 50 níhìn-ín.

Àpapọ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po 4 jẹ́ nǹkan bíi lítà 490,000 lójúmọ́. Ní ìlọ́po 2, ó ju lítà 735,000 lọ. Táwà kan náà, ooru kan náà, àmọ́ irú omi tó ń wọlé ti fi ìdajì lé owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ gbé omi yín lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó gbé ìwé táwà wò, kí ẹ sì ṣe é ní ìgbà tí odò tàbí kànga bá kún àti ìgbà tó bá fà. Ẹ béèrè kálísíọ̀mù, ẹ béèrè kóláráìdì, ẹ má gbàgbé sílíkà. Iye sílíkà tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò yẹ kí omi inú táwà kọjá ni mílígírámù 150 nínú lítà kan. Bí omi tuntun yín bá ti ní 50 nínú, ìlọ́po 3 ni òpin yín, ohun yòówù tí ẹni tó ń ta kẹ́míkà bá sọ.

Ẹ tún béèrè ibi tí omi ìdànù máa gbà. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà apakòkòrò wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tú sínú odò láìgba àṣẹ. Bí ẹ ò bá rí ibi dà á sí, táwà olómi ti ta yín nù nìyẹn, bí omi tuntun tiẹ̀ pọ̀.

5. Iná àti ilẹ̀

Omi tó bá gbẹ lọ máa ń gbé nǹkan bíi kílójúùlù 2,400 lọ lórí kílógírámù kọ̀ọ̀kan. Kílógírámù afẹ́fẹ́ kan tó bá fi 12°C gbóná ò gbé ju nǹkan bíi kílójúùlù 12 lọ. Ibi tí táwà gbígbẹ ti ń tóbi nìyẹn. Láti kó mẹ́gáwáàtì 11.6 wa dànù, ó máa nílò nǹkan bíi kílógírámù 960 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ á tó fún olómi. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ túmọ̀ sí fáànù púpọ̀, ariwo púpọ̀ àti ilẹ̀ púpọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá wà lórí òkè gíga, ẹ fi kún un, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́.

Níbi tí wọ́n ti ń fi ooru pèsè iná mànàmáná, ìnira náà tún ju fáànù lọ. Bí ibi tí oru omi ti ń padà di omi bá ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí tọ́báìnì lè mú jáde ṣe ń dín kù, ọ̀sán tó gbóná jù, nígbà tí àwọn èèyàn ń fi iná tu yàrá wọn, ló sì máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo Majuba ní South Africa, níbi tí Eskom, ilé-iṣẹ́ mànàmáná ilẹ̀ náà, ti kọ́ méjèèjì sójú kan: ẹ̀ka mẹ́ta gbígbẹ tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 657, àti ẹ̀ka mẹ́ta olómi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 713. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ yẹn kò kábàámọ̀ táwà gbígbẹ. Ibùdó olómi rẹ̀ máa ń lo nǹkan bíi lítà méjì lórí kílówáàtì-wákàtí kan, Matimba, ibùdó rẹ̀ mìíràn tó jẹ́ gbígbẹ, kì í lò tó lítà 0.2. Níbi tí Matimba wà nítòsí Lephalale, omi kò tó fún táwà olómi rárá.

Bí ẹ bá yan gbígbẹ, ẹ má ra fáànù tí kò ṣeé dín eré rẹ̀ kù. Iná tí fáànù ń jẹ máa ń bá eré rẹ̀ tí a sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ (eré × eré × eré) lọ, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá dín eré náà sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, iná á bọ́ sí nǹkan bí ìdá 51. Lóru àti nígbà òtútù, ohun tí ẹ máa rí fi pamọ́ nìyẹn.

6. Àìsàn tó ń gba inú táwà olómi jáde

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Legionella máa ń gbèrú nínú omi tó wà láàárín 20°C sí 45°C, omi inú táwà olómi sì wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀kán omi tí afẹ́fẹ́ bá gbé jáde lè gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì, tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kan wà nítòsí. Ní 1976 ni àwọn tó lọ sí ìpàdé American Legion ní Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ní Murcia, ní Sípéènì, ní 2001, táwà ilé ìwòsàn kan ló kó o ran àwọn èèyàn, àwọn tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó mú sì jẹ́ 449.

Kì í ṣe ìdí láti sá fún táwà olómi, ìdí láti ní ẹni tó ń bójú tó o ni. Kó tó wù yín láti rà á, ẹ dárúkọ ẹni tó máa fi kẹ́míkà apakòkòrò sí i, tó máa ṣí i fọ̀, tó máa mú omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, tó máa kọ ohun tó bá rí sínú ìwé. Bí ẹ ò bá lè dárúkọ ẹnì kankan, ẹ má ra táwà olómi. Ẹ wo ibi tí ẹ máa gbé e sí pẹ̀lú: kó má ṣe súnmọ́ fèrèsé tàbí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ilé, kó má sì sí páìpù òkú nínú rẹ̀ tí omi ti dúró síbẹ̀ láìṣàn.

7. Gbígbẹ náà ní ìyọnu tirẹ̀

Eruku, kòkòrò àti ewé máa ń dí àárín àwọn ewé irin yẹn. Ẹ máa fi omi fọ̀ wọ́n, ẹnu páìpù omi sì gbọ́dọ̀ kọjú sí wọn gbọnrangandan, torí bí omi bá gba ẹ̀gbẹ́ lù wọ́n, wọ́n á tẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní rí ààyè kọjá mọ́. Níbi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín, ẹ fi glycol, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí omi dì, sínú páìpù, kí ẹ sì mọ̀ pé glycol máa dín agbára táwà náà kù díẹ̀.

Ẹ̀fúùfù ló burú jù. Ó lè da afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti jáde lókè padà sí ẹnu ibi tí fáànù ti ń fà á, táwà á sì máa mu èémí ara rẹ̀. Ní Matimba, ẹ̀fúùfù líle ti mú kí ẹ̀rọ dáwọ́ dúró rí. Ẹ béèrè ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń wá jù ní àkókò ooru kí ẹ tó fa ìlà ìpìlẹ̀, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri gíga.

8. Àárín méjèèjì

Bó bá jẹ́ wákàtí díẹ̀ lọ́dún ni táwà gbígbẹ kò ní tó, ẹ má tìtorí wákàtí díẹ̀ yẹn ra olómi. Táwà adiabatic wà: páìpù rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá ti gbóná kọjá ibi tí ẹ fi sí, á máa rin afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lómi kó lè tutù kó tó kan páìpù. Ìgbà ooru nìkan ló ń mu omi. Èyí tó ń so olómi àti gbígbẹ pọ̀ nínú ilé kan náà tún wà, ó dára níbi tí ìkùukùu tó ń jáde lókè táwà bá ń bo ojú ọ̀nà.

Níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀, mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti sá lọ bá adiabatic. Bí wet bulb bá fi 3°C péré wà nísàlẹ̀ ìgbóná afẹ́fẹ́, ohun tí rírin afẹ́fẹ́ máa fún yín kò ní tó 3°C, owó rẹ̀ sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

9. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ buwọ́ lùwé

Ẹ ní kí gbogbo ẹni tó bá mú iye owó wá kọ ohun kan náà: iná tí fáànù àti páǹpù máa jẹ lọ́dún, omi tó máa mu lọ́dún, kẹ́míkà, owó àtúnṣe, àti ìgbóná omi ní wákàtí tó le jù, kì í ṣe ní ojúmọ́ tó tura. Ẹ fi ọdún 20 ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe pẹ̀lú owó omi tó di ìlọ́po méjì, torí omi lohun tí iye rẹ̀ lè yí padà jù lọ láàárín ìgbà tí táwà kan máa lò.

Ẹ mú apá kan lára owó dání títí di ìgbà ìdánwò ní àkókò ooru, pẹ̀lú ooru iṣẹ́ gidi nínú omi. Fún olómi, CTI (Cooling Technology Institute) ní ìlànà ìdánwò tó ń jẹ́ ATC-105, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn. Kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ táwà ni wọ́n máa ti wọn ìgbóná rẹ̀, ní ibi púpọ̀ yí i ká. Ẹ má gba iye tó wá láti ibùdó ojú ọjọ́ tó wà ní ìta gbangba, torí kì í rí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń padà wọlé, ohun tó sì yẹ kí ìdánwò náà tú fó nìyẹn.